Ọ̀pá Tí Bàbá Ní Kí Wọ́n Gé

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú nítorí ọ̀wọ̀ àgbà, ńṣe ni inú mi máa ń ru. Kì í ṣe pé mi ò bọ̀wọ̀ fún àgbà o. Ọmọbìnrin Èkìtì ni mí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn, ọjọ́ orí tí mo dé yìí náà, orúnkún mi kò gbàgbé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀wọ̀ bá di ohun tí wọ́n fẹ́ fi fọ́ orí ọmọ ẹni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹnjinnía ni mo kọ́ ní yunifásítì, ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ilé kíkọ́. Nígbà tí mo dé Àbújá, ìjọba gbé mi sí ọ́fíìsì kan ní Garki, wọ́n kó fáìlì lé mi lọ́wọ́, àtìgbà náà, irin kan ṣoṣo tí mò ń fọwọ́ kàn lẹ́nu iṣẹ́ ni èyí tí a fi ń gún ìwé pọ̀. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra irú mọ́tò tí wọ́n máa ń dì sínú àpótí ní ẹyọ-ẹyọ, tí ẹni tó rà á á fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Mọ́tò kékeré ni, ènìyàn méjì péré ló ń gbà, kò sì lórùlé rárá. Àwọn ará ọ́fíìsì mi ní ṣé orí mi pé. Mo ní ó pé ju ti ẹni tó ń fi fáìlì ṣe ayé lọ.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ ń tò ó lẹ́yìn ilé ní gbogbo Sátidé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní báńkì, Àbújá níbí la bí i sí. Gbogbo Yorùbá pátá ló gbọ́, títí kan èyí tí mo bá fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lórí fóònù, ṣùgbọ́n o kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láéláé. Bí mo bá fi Yorùbá bi í ní ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi fèsì. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, wọ́n a máa pè é ní òyìnbó Garki, wọ́n á rẹ́rìn-ín, yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, kò ní sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pe, wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ọdún mìíràn, kò sì parọ́.

Ìgbà tí mọ́tò náà dìde dúró lórí táyà ni mo tó rí ibi méjì tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èkíní ni férémù tó gbá gíláàsì iwájú mú. Mo dì í mú, mo mì í, ó ń mì bí eyín ọmọ tó fẹ́ yọ. Èkejì ni ọ̀pá irin tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn ìjókòó méjèèjì. Iṣẹ́ ọ̀pá yẹn ni pé bí mọ́tò tí kò lórùlé bá tàkìtì, òun àti férémù iwájú ni kó gbé e dúró, kó má baà jẹ́ orí ènìyàn ni mọ́tò máa gùn lé. Ọ̀pá orí ni èmi àtọmọ mi ń pè é. Ẹ wá wo ibi tí àwọn tó ṣe mọ́tò gbé e kalẹ̀ sí: orí fáíbà, ìyẹn ike líle tí wọ́n fi ṣe gbogbo ara mọ́tò náà, súkúrù wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi kàn án mọ́ ọn. Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kò lè gbé ewúrẹ́, áḿbọ̀sì mọ́tò.

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Mo ti bá wọn fa ènìyàn jáde rí nínú ọkọ̀ tó tàkìtì lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, kò jìnnà sí Kwali. Mi ò ní ròyìn rẹ̀. Òrùlé ọkọ̀ yẹn ti wọlé débi pé a ò rí ibi tí ọwọ́ máa gbà, ọkọ̀ tó tiẹ̀ lórùlé nìyẹn o. Ọmọ mi sì ga. Ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, bó bá jókòó sínú mọ́tò wa, àtàrí rẹ̀ àti ọ̀pá orí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó níbẹ̀, ọkọ̀ yẹn ni mò ń rí.

Mo bá jókòó, mo ya ohun tí mo fẹ́. A máa ki irin sínú férémù gíláàsì iwájú kó lè le. A máa fa ọ̀pá méjì tó nípọn láti èjìká ọ̀pá orí wá sẹ́yìn, wọ́n á là fáíbà kọjá, a ó jó wọn mọ́ ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo mọ́tò. A máa fa méjì mìíràn lọ síwájú, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá orí dé ìdí férémù, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè di ara wọn mú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá tàkìtì, yóò jáde, yóò gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ohun tó kù kò ju wẹ́dà lọ, nítorí èmi ò mọ irin jó.

Ibi tí Bàbá Alága ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bàbá Alága ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá. Ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí wọ́n bá sọ nínú ẹgbẹ́, abẹ gé e. Wọ́n gbọ́ pé mò ń wá wẹ́dà, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí ló dé tí mo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ará ìta nígbà tí ọmọ wa wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é. Bí páìpù bá bẹ́ nílé ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ìlú wa ni a ó pè. Bó bá ṣe é dáadáa, a ó dúpẹ́. Bó bá bà á jẹ́, a ò ní lè pe ẹlòmíràn, torí ojú ẹni tó mú un wá là ń wò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà. Ṣé kí n wá sọ fún Bàbá pé rárá ni?

Mpape ni ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà náà wà, lábẹ́ òkè ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, eruku funfun bo gbogbo nǹkan. Ọmọ wa tí mò ń wí yìí ti tó ẹni ogójì ọdún, ó ní ìyàwó àtọmọ, òun ló jó géètì gbogbo wa. Ọwọ́ rẹ̀ dá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé, ó gbọ́. Mo dúró tì í bó ṣe ń jó o, ó sì jó o bí mo ṣe ní kó jó o. Nígbà tó tutù, ọmọ mi fọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọ̀pá orí, ó gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó ń jù dirodiro. Gbogbo mọ́tò mì lórí táyà, ọ̀pá yẹn kò mira. Mo di férémù iwájú mú, mo fa á títí, ó dúró gbọn-in. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí inú mi ṣe dùn tó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí mo ti jáde ní yunifásítì, mo rántí ìdí tí mo fi lọ.

A fi mọ́tò sílẹ̀ kí wẹ́dà lè kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá kéde ní ìpàdé pé mọ́tò tí ọmọ wa obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ tò ni yóò ṣíwájú gbogbo wa lọ sí Kwali fún ọjọ́ ẹgbẹ́, ìyẹn àjọyọ̀ ọdọọdún wa, èmi ni n ó wà á, ọmọ mi yóò jókòó tì mí, gbogbo ọkọ̀ yòókù á máa tẹ̀ lé wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi láti ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn pé òun máa ra awò ojú dúdú. Ojú ọ̀nà Lọ́kọ́jà kan náà ni a ó gbà, tòun ti àwọn tírélà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe sórí ọmọ mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ ẹgbẹ́, èmi àtọmọ mi lọ gbé mọ́tò ní Mpape. Ó ń dán! Ọ̀dà dúdú yẹn mọ́lẹ̀ débi pé o lè fi wo ojú. Mo yí i po lẹ́ẹ̀kan, ohun kan ń sọ fún mi pé ó ti fúyẹ́ jù. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn ni mo rí i. Ọ̀pá méjèèjì tó wá sẹ́yìn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sáré wo ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó lọ síwájú náà kò sí. Wọ́n ti gé wọn, wọ́n ti fi ẹ̀rọ fá ojú ibi tí wọ́n gé, wọ́n sì kùn ún bí ẹni pé wọn ò wà níbẹ̀ rí.

Mo pe wẹ́dà. Mo nawọ́ sí ibi tí wọ́n gé.

"Bàbá ló ní kí n gé e, mà," ó ní.

Ẹ gbọ́ o. Bàbá ti wá wo mọ́tò láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ó dára, ó dára, ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pá jágajàga wọ̀nyí? Wọ́n ní ó jọ fèrèsé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní àwọn ò lè mú fèrèsé ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣíwájú ẹgbẹ́ wọ Kwali lójú àwọn ẹlẹ́gàn. Wẹ́dà ní òun sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí òun fi síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn máa bá mi sọ ọ́. Ó bá gé e. Ó ní fóònù, ó ní nọ́ńbà mi, ọjọ́ mélòó kan ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dé, kò pè mí. Ó ní òun rò pé Bàbá ti sọ fún mi. Bàbá kò sọ nǹkan kan fún mi. Ta ni mí tí wọ́n á fi sọ fún? Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, èmi tí mo tò ó, èmi tí mo bí ẹni tó máa jókòó sínú rẹ̀.

Mo ní kó jó wọn padà, lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ó ní kí n dákun, kí n má ba ti òun jẹ́. Iṣẹ́ tí òun ń rí ní Àbújá, Bàbá ló ń bá òun wá a. Òun ò lè fọwọ́ ara òun jó ohun tí Bàbá ní kí òun gé, àfi kí n lọ gba àṣẹ lẹ́nu Bàbá wá. Mo wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ̀ pé mo tọ̀nà, ó wà lójú rẹ̀, kò sì ní ṣe é. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà o, òun gan-an ló ní kí wọ́n yọ ohun tó gbé orí ọmọ dúró.

Àwọn ọ̀pá tó gé ṣì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo kó wọn sínú mọ́tò, lórí ìjókòó tó yẹ kí ọmọ mi wà. Ó fẹ́ wọlé, mo ní kò ní wọ̀ ọ́. Ó bínú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ dáadáa: ṣebí àárín ìlú lásán ni, ṣebí èmi náà ní orí. Mo ní orí tèmi ti lo ìgbà díẹ̀. Ó wọ tasí, wẹ́dà bá a wọ̀ ọ́ kó lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ àṣẹ lẹ́nu Bàbá, mo rọra ń sọ̀kalẹ̀ láti Mpape lọ sí Garki, férémù iwájú, tí ohunkóhun kò di ìdí rẹ̀ mú mọ́, ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lójú mi ní gbogbo ibi tí títì bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ni, inú ọgbà ilé ìwé kan ní Garki ni a sì ti ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìró mọ́tò, gbogbo wọn jáde, fóònù ti wà lókè. Bàbá ló ṣíwájú. Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo wá kó ọ̀pá tí wọ́n gé síwájú wọn. Mo rọra sọ ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fi oyin pò ó. Mo ní Bàbá, iṣẹ́ ni ọ̀pá wọ̀nyí ń ṣe, kì í ṣe ẹwà. Mo ní láìsí wọn, ọ̀pá orí kò di nǹkan kan mú, orí ike ló wà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó jó o padà, orí ọmọ mi ló wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọn ò bínú, ì bá tiẹ̀ sàn bí wọ́n bá bínú. Wọ́n wo àwọn èrò, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní àwọn ti ń gun mọ́tò kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní ìwé tí mo kà ló ń dẹ́rù bà mí, irin ni irin ń jẹ́. Kí wọ́n lè fi hàn mí bí irin ṣe ń jẹ́ irin, wọ́n ká apá agbádá sókè, wọ́n di ọ̀pá orí mú, wọ́n fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn.

Ọ̀pá náà tẹ̀ lé wọn. Ike tó wà nídìí rẹ̀ là, ó dún kàà, súkúrù ń fò, ẹsẹ̀ ọ̀pá kan hú jáde. Bí kì í bá ṣe pé ẹnìkan gbá wọn mú, Bàbá ì bá lọ sílẹ̀ tọ̀pá-tọ̀pá. Ọwọ́ àgbàlagbà kan ló ṣe é o. Kì í ṣe tírélà.

Àwọn tó gbé fóònù sókè rọra ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rò pé ó ti tán, pé ojú wọn ti rí i. Háà, mi ò tíì mọ àwọn èèyàn mi! Bàbá tún agbádá wọn ṣe, wọ́n wo ihò tó wà nínú ike, wọ́n ní:

"Ta ló jó irú eléyìí?"

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bi? Kí n tó lanu, wẹ́dà ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ni, sà. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni, kí Bàbá foríjì òun. Kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e. Kò sì wo ojú mi. Bàbá kọ́kọ́ fa ojú ro, wọ́n wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní àwọn ti foríjì í, ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn èrò ń kan sáárá sí wọn pé àgbà nìyẹn, ọkàn wọn mọ́. Ìyá kan tiẹ̀ ń nu ojú. Bàbá ní kí a wo bí Ọlọ́run ṣe lo àwọn: bí kì í bá ṣe pé àwọn fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn lónìí, ṣebí ojú ọ̀nà ni ì bá ti já. Wọ́n ní àṣẹ nìyí, kí wẹ́dà jó gbogbo rẹ̀ padà, kó sì le. Gbogbo èrò dáhùn pé àmín.

Mo dúró níbẹ̀, mò ń wo ihò inú ike. Ìyá tó ń nu ojú ló wá fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní kí ni mò ń wò, ṣé mi ò ní kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá tó gba ẹ̀mí ọmọ mi là ni? Àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n kúnlẹ̀. Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún ara mi pé àṣẹ ti jáde, ọ̀pá máa padà sáyè rẹ̀, kí ni ìkúnlẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ mi? Mo ká ìró sókè díẹ̀. Orúnkún mi kan ti kanlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dìde."

Mi ò tètè mọ ohùn náà, torí mi ò gbọ́ Yorùbá nínú rẹ̀ rí. Ọmọ mi ló ti la àárín èrò kọjá. Ó ń wá ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

"Orí mi ni," ó ní. "Orí tèmi ló máa wà lábẹ́ irin yẹn. Èmi ló yẹ kí wọ́n bẹ̀."

Ẹnìkankan ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ pé kó sọ Yorùbá, ó wá sọ ọ́ tán, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi ojú sí. Bàbá wo ọmọ mi, wọ́n wo ọ̀pá mẹ́rin tó wà nílẹ̀ níwájú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ṣé báyìí ni mo ṣe kọ́ ọmọ, pé ọmọ Àbújá ò mọ àgbà. Mo dìde. Mo gbọn eruku orúnkún mi, mo ní kí wẹ́dà bá mi gbé ọ̀pá sínú mọ́tò. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ wo ojú Bàbá.

Ó jó wọn padà o, mo sì dúró tì í títí tó fi parí. A fi irin nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá orí pẹ̀lú, kò sí lórí ike mọ́. Ó jọ fèrèsé ọgbà ẹ̀wọ̀n lóòótọ́, kí ẹni tí kò bá wù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ò bá wọn lọ sí ọjọ́ ẹgbẹ́. Èmi àtọmọ mi nìkan la lọ sí Kwali ní Sátidé mìíràn, ó wọ awò ojú dúdú rẹ̀, ó ra ìkòkò amọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé e lé ẹsẹ̀ títí a fi dé.

Nínú ẹgbẹ́, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí di bí mo ṣe ń wí yìí pé mi ò kọ́ ọmọ mi. Ọmọ tí mi ò kọ́ náà ló jókòó tì mí lọ tó jókòó tì mí bọ̀, orí rẹ̀ sì bá a padà wọlé.